Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Ìtàn Sítọ́ọ̀ Ẹgbẹ́ Eré Ìdárayá Wa

Mo wà lára àwọn méje tó nawọ́ sókè lálẹ́ ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ wa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀. Àwa mẹ́sàn-án la jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan ní òun kò fọwọ́ sí i, ẹnì kan wolẹ̀ kò fèsì, àwa méje tó kù sì gbà pé olè ni bàbá náà. Èmi ni akápò ẹgbẹ́. Ìṣirò tí a fi dá wọn lẹ́bi, ọwọ́ mi ló ti jáde. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá rí ìbáwí nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ara mi ni mo ń bá wí kí n tó bá ẹnikẹ́ni wí.

Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Ìlú Ìbàdàn la wà. A ní pápá tẹ́níìsì mẹ́ta, yàrá kan tí a ti ń gbá tẹ́níìsì orí tábìlì, àti ilé ọtí kékeré kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń fara balẹ̀ lẹ́yìn eré. Sítọ́ọ̀ wà lẹ́yìn ilé ọtí náà: yàrá kan ṣoṣo tí kò ní fèrèsé, níbi tí a kó bọ́ọ̀lù, àwọ̀n, okùn rákẹ́ẹ̀tì, jẹ́sì àwọn ọmọ tó ń kọ́ eré, àti kéréètì ọtí sí. Ẹni tó bá yọjú wo inú rẹ̀ lè rò pé kò sí ohun gidi kan níbẹ̀. Síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí à ń dá lọ́dọọdún, inú yàrá yẹn ló ń wọ̀.

Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ló fa wàhálà. Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ń kó o wá, láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ sì ti jọ̀wọ́ náírà fún ọjà láti máa díye lé e, iye tí à ń ra katọ́ọ̀nù kan kò dúró lójú kan mọ́. Ní àtijọ́, irú bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo la máa ń rà, lọ́dọ̀ oníṣòwò kan náà ní Èkó. Nígbà tó di pé òní ló wà, ọ̀la ni kò sí, akọ̀wé eré ìdárayá wa bẹ̀rẹ̀ sí í ra èyíkéyìí tí oníṣòwò náà bá ní nílẹ̀. Kò burú. Ohun tí èmi náà ìbá ṣe nìyẹn.

Lópin ọdún 2024, mo jókòó ti ìwé. Katọ́ọ̀nù 20 la rà láàárín ọdún. Agolo 24 ló ń wà nínú katọ́ọ̀nù kan, bí a ti mọ̀ ọ́n láti ọdún gbọ́nhan, a jẹ́ pé agolo 480 ló yẹ kó wọ sítọ́ọ̀. Mo ka èyí tó ṣẹ́ kù lórí pẹpẹ, mo ro èyí tí bàbá ti kọ sínú ìwé pé àwọn fún àwọn kóòṣì àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pọ̀ mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 426. Agolo 54 kò sí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣírò. Kí n má purọ́, inú mi dùn díẹ̀. Akápò tó bá rí àìpé nínú ìwé máa ń rò pé òun ti ṣiṣẹ́ òun bí iṣẹ́.

A pe bàbá. Wọ́n wọlé, wọ́n kí wa, wọn kò jókòó, bẹ́ẹ̀ ni a kò fi àga lọ̀ wọ́n. Alága bi wọ́n léèrè ibi tí agolo 54 wọlẹ̀ sí. Wọ́n ní àwọn kò mú nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ gbólóhùn kan tó ń dún létí mi títí di òní: “Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ bá mi ka bọ́ọ̀lù, ẹ má ka agolo.” Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní, “Bàbá, ṣé bọ́ọ̀lù ò sí nínú agolo ni?” Bàbá lanu, wọ́n pa á dé. Wọn kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ láàárín àwùjọ, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. A ní kí wọ́n jáde, a nawọ́ sókè, mo kọ lẹ́tà. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti lò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Wọ́n ka lẹ́tà náà sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ níbi ìpàdé gbogbogbòò, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde.

A ra àgádágodo tuntun, a fi irin sí ilẹ̀kùn. A gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, a kìlọ̀ fún un kí ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, mo tún ka sítọ́ọ̀. Agolo 12 kò sí níbẹ̀.

Ọmọkùnrin náà sunkún lójú mi. Bí mo ṣe délé lálẹ́ ọjọ́ náà, oorun kò kùn mí. Ènìyàn méjì tí wọn kò mọ ara wọn rí, àgádágodo méjì, àìpé kan náà. Mo kọ 54 àti 12 sórí bébà, mo ń wò wọ́n. Mẹ́fà lọ́nà mẹ́sàn-án ni 54. Mẹ́fà lọ́nà méjì ni 12. Irú olè wo ló ń jí nǹkan ní mẹ́fà mẹ́fà?

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo pinnu láti tọ ipasẹ̀ katọ́ọ̀nù kan, láti ìgbà tí a bá ti nílò rẹ̀ títí di ìgbà tí bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ yóò balẹ̀ lórí pápá. Mo ya ọ̀nà náà sórí páálí. Kóòṣì á fi ẹnu sọ fún akọ̀wé eré ìdárayá pé bọ́ọ̀lù ti ń tán. Akọ̀wé á pe oníṣòwò lórí fóònù. Oníṣòwò á kó ẹrù fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan ní gáréèjì. Ọmọṣẹ́ akọ̀wé á lọ gbà á, ẹrù á sùn ní ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kó tó gbé e wá sí ọgbà. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ á fọwọ́ sí ìwé pé katọ́ọ̀nù báyìí ló wọlé. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà kí rìsíìtì tó tẹ èmi lọ́wọ́, èmi á sanwó, èmi á sì fi 24 sọ katọ́ọ̀nù náà di púpọ̀ nínú ìwé mi. Ènìyàn méje ni ọ̀rọ̀ kàn. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣí katọ́ọ̀nù wò kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.

Mo ní kí ọmọkùnrin náà ṣí ọ̀kan lójú mi. Agolo 18 ló wà nínú rẹ̀. Inú bí mi, mo pe oníṣòwò, mo ń pariwo pé ó ti ń rẹ́ wa jẹ. Ó dákẹ́ títí mo fi sọ tèmi tán, ó wá ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo inú agolo kan.” Ike tó mọ́ gaara ni agolo náà. Bọ́ọ̀lù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Mo mú agolo irú tí à ń rà látijọ́, mẹ́ta ló wà nínú ìyẹn. Agolo 24 oníbọ́ọ̀lù mẹ́ta jẹ́ bọ́ọ̀lù 72. Agolo 18 oníbọ́ọ̀lù mẹ́rin jẹ́ bọ́ọ̀lù 72. Iye bọ́ọ̀lù tó wà nínú katọ́ọ̀nù méjèèjì kò yàtọ̀. Agolo nìkan ló yàtọ̀, agolo náà ni àwa sì ń kà.

Mo jókòó lórí kéréètì. Gbogbo wa la ti ń fi agolo oníbọ́ọ̀lù mẹ́rin ṣeré láti bí ọdún méjì, tí àwọn kan nínú wa tilẹ̀ ń yọ̀ pé bọ́ọ̀lù ti pọ̀ sí i. Mo lọ gbé àwọn rìsíìtì ọdún 2024 jáde, mo pe oníṣòwò padà, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó bá mi tọ́ka sí irú èyí tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá jẹ́ oníbọ́ọ̀lù mẹ́ta, mẹ́sàn-án jẹ́ oníbọ́ọ̀lù mẹ́rin. Bọ́ọ̀lù 1,440 la rà. Mo ka èyí tí bàbá fún àwọn ènìyàn àti èyí tó ṣẹ́ kù, ní bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Ó jẹ́ 1,440. Ẹyọ kan kò sọnù.

Ohun tó tún dùn mí ni pé irú àṣìṣe yìí kò lè ṣẹlẹ̀ ní ilé ọtí wa. Kéréètì bíà onígò ńlá, ìgò 12 ni. Kéréètì ẹlẹ́rìndòdò, ìgò 24 ni. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tó lè gbé ọ̀kan kalẹ̀ kó pè é ní èkejì, nítorí ohun tí ẹnu ń mu, ojú mọ̀ ọ́n. Àwọn baba ńlá wa náà mọ ìyàtọ̀ láàárín àpò àti ohun tó wà nínú àpò. Láyé tí à ń náwó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan. Àpò gan-an ni ọ̀kẹ́, orúkọ àpò ló di orúkọ iye. Síbẹ̀ ẹyọ ni wọ́n ń kà, ní márùn-ún márùn-ún, kì í ṣe àpò. Àwa tí a ní ẹ̀rọ ìṣirò lọ́wọ́ ni a ń ka àpò.

Àwọn onímọ̀ nípa òwò ní orúkọ fún ohun tí a wá ṣe lẹ́yìn náà. Àtúntò ọ̀nà iṣẹ́ ni. Michael Hammer kọ àpilẹ̀kọ kan nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1990, òun àti James Champy sì sọ ọ́ di ìwé lọ́dún 1993. Àpẹẹrẹ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Ford tó mú wá ni kò kúrò lọ́kàn mi. Àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti sanwó fún àwọn oníṣòwò ní Ford ti Àríwá Amẹ́ríkà lé ní 500. Ford rò pé bí òun bá lo kọ̀ǹpútà, òun lè dín wọn kù ní ìdá kan nínú márùn-ún. Ìgbà tí wọ́n wo Mazda, ènìyàn márùn-ún péré ni wọ́n bá lẹ́nu iṣẹ́ náà níbẹ̀. Mazda kéré sí Ford lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kéré tó bẹ́ẹ̀! Ibi tí àkókò àwọn òṣìṣẹ́ Ford ń lọ ni wíwá ìdí tí ìwé tí wọ́n fi bèèrè ọjà, ìwé tí wọ́n fi gba ọjà, àti ìwé owó tí oníṣòwò fi ránṣẹ́ kò fi bára mu. Ford wá yí ọ̀nà náà padà. Ẹni tó dúró lẹ́nu ilé ìkẹ́rùsí ni yóò fi ọjà wé ohun tí wọ́n bèèrè fún; bó bá bára mu, ó wọlé, owó á jáde láìdúró de ìwé oníṣòwò; bí kò bá bára mu, ó padà síbi tó ti wá. Iye àwọn òṣìṣẹ́ náà fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin dín kù.

Àwa kò ra kọ̀ǹpútà. Pátákó dúdú kan la kàn mọ́ ara ògiri sítọ́ọ̀. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ohun tí a nílò síbẹ̀, iye bọ́ọ̀lù ni yóò sì kọ, kì í ṣe katọ́ọ̀nù. Nígbà tí ẹrù bá dé, ẹni tó gbé e wá àti olùtọ́jú sítọ́ọ̀ á jọ ṣí i, wọ́n á jọ kà á sókè ketekete, wọ́n á kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí a bèèrè. Èmi kò sanwó lórí rìsíìtì mọ́. Ohun tó wà lára pátákó ni mo ń san.

Akọ̀wé eré ìdárayá bínú. Ó ní, “Ṣé kí wọ́n máa ka ẹrù mọ́ èmi lọ́wọ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀ ni?” Mo ní kì í ṣe nítorí rẹ̀, kò gbọ́. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń rán ẹrù wọlé nígbà tó mọ̀ pé olùtọ́jú sítọ́ọ̀ ti lọ sílé. Ọlọ́run ló ṣe é tí katọ́ọ̀nù kan fi dé láti gáréèjì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ya. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló sáré wá sí sítọ́ọ̀ tó ní kí a kà á lójú òun, kí wọ́n má baà pe òun lólè. Láti ọjọ́ náà, òun ni ó ń kọ́kọ́ béèrè fún ṣọ́ọ̀kì.

Èyí tí mo gbádùn jù ni ti bọ́ọ̀lù tó ti kú. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ló ń jẹ́ kó ta. Bí agolo kò bá tíì ṣí, afẹ́fẹ́ náà wà níbẹ̀. Bó bá ti ṣí, ó ń jò díẹ̀díẹ̀, a lò ó, a kò lò ó. Àwọn kóòṣì wa a máa ṣí agolo mẹ́ta láti ṣa èyí tó ta jù, ìyókù á sì kú sínú àpò. Bí a bá ní kí wọ́n dá bọ́ọ̀lù àtijọ́ padà kí wọ́n tó gba tuntun, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀: ó ti kú, kò tíì kú. Òfin tẹ́níìsì àgbáyé ló parí ìjà náà. Ó ní bọ́ọ̀lù tí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀ láti òkè 254 sẹ̀ǹtímítà sórí ilẹ̀ líle gbọ́dọ̀ ta padà sókè láàárín 135 sí 147. A fa ìlà sí ara ògiri ní 254, a fa òmíràn ní 135, a sì fa ẹ̀kẹta ní 120 fún bọ́ọ̀lù ìdánrawò, èyí tí àwa fúnra wa fẹnu kò lé lórí. Bọ́ọ̀lù tí kò bá dé ibẹ̀ di ti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọgbà wa. Ní ọjọ́ Sátidé, ẹ ó rí àwọn àgbàlagbà, ọ̀jọ̀gbọ́n àti lọ́yà, tí wọ́n tò sí ẹnu sítọ́ọ̀ láti wo bí bọ́ọ̀lù ṣe ń ta. Ó ti di eré mìíràn.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Agolo tó kọ́kọ́ wọlé ni a ń gbé síwájú kí ó kọ́kọ́ jáde. A kun pẹpẹ kan ní pupa. Bí agolo bá ti kù sórí pupa nìkan, ó ti tó àkókò láti kọ̀wé sórí pátákó, kò sí pé ẹnì kan gbàgbé. Ti ọtí, a kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìgò òfìfo pọ̀ mọ́ èyí tó kún ni.

N kò sọ pé kò sí olè láyé. Àwọ̀n méjì wà tí a kò rí títí di òní, èmi kò sì rò pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn jáde. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yìí, ògiri lanu fún ọdún méjì, aláǹgbá kan kò wọlé, ẹni tó ń ṣọ́ ilé ni a lé jáde. Nígbà tí àwọn ènìyàn já ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí oúnjẹ ìrànwọ́ kòrónà ní Mazamaza l'Ékòó àti ní Ẹdẹ lóṣù kẹwàá ọdún 2020, èmi náà wà lára àwọn tó ń pariwo pé wọ́n ti kó o pamọ́ láti jí i. Ìjọba ní pípín ni à ń pín in lọ. Ó yẹ kí a ti béèrè ìbéèrè mìíràn pẹ̀lú: ọ̀nà wo ni àpò ìrẹsì kan ń gbà láti ẹnu ilẹ̀kùn yẹn dé ilé ìyá arúgbó kan, ta ló sì ń kà á lójú ọ̀nà?

Mo lọ sílé bàbá. Mo bá wọn níwájú ilé, lórí àpótí. Ìyàwó wọn rí mi, wọn kò kí mi, wọ́n wọlé lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀, láti orí 54 dé orí 1,440. Bàbá gbọ́ ọ títí, wọn kò já lu ọ̀rọ̀ mi.

“Mo ti mọ̀,” ni wọ́n wí.

“Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò ṣàlàyé fún wa nígbà náà?”

“Mo ṣàlàyé, Akápò. Mo ní kí ẹ ka bọ́ọ̀lù.”

Mo ní ìgbìmọ̀ ti ṣetán láti dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́, kí a sì san owó oṣù tí wọn kò gbà. Wọ́n dúpẹ́. Wọ́n ní ọmọ àwọn obìnrin ń múra ìgbéyàwó, àwọn àna sì ti gbọ́ pé wọ́n lé bàbá ìyàwó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí olè. Wọ́n wá bi mí pé níbo ni a ti ka lẹ́tà àkọ́kọ́. Mo ní níbi ìpàdé gbogbogbòò. “Ẹ lọ ka ti ẹlẹ́ẹ̀kejì níbẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀ iṣẹ́.”

Ìgbìmọ̀ ti jókòó lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan ní kíkà á síta yóò bu ẹgbẹ́ kù, pé kí a fi owó àti lẹ́tà sínú àpò ìwé kí a gbé e lọ sílé wọn ní jẹ́ẹ́jẹ́. Alága ní òun kò ní dá mi dúró, òun kò sì ní bá mi dúró. Sátidé tó parí oṣù yìí ni ìpàdé gbogbogbòò. Mo ti kọ lẹ́tà náà, ojú ewé kan ni, 1,440 ló sì wà ní ìlà àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin tó wà ní sítọ́ọ̀ báyìí ti ní òun yóò gbé pátákó dúdú náà wá sínú gbọ̀ngàn.